Ta Ni Bàbá Àgùntàn Ìpájà?

Bí Iléyá bá ti ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ̀gbẹ́ títì láti Ìyànà Ìpájà lọ sí Ayọ̀bọ̀ á di ọjà àgbò. Tírélà ti kó wọn wá láti Òkè Ọya, wọ́n ti so wọ́n mọ́ èèkàn, wọ́n ti da èèpo ẹ̀wà sílẹ̀ fún wọn, àwọn oníbàárà sì ń fi ọwọ́ tẹ egungun ẹ̀yìn wọn wò bóyá ẹran bò ó. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá yà kúrò lójú títì wọ inú àdúgbò, ní Baruwa tàbí lẹ́yìn Abẹ́sàn, àgùntàn mìíràn ló máa bá pàdé: èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú, tó ń jẹ èèpo iṣu lẹ́nu ọ̀nà, tó ń sùn sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ olówó rẹ̀. Tírélà kọ́ ló gbé ìyẹn wá. Ìran rẹ̀ ti wà nílẹ̀ Yorùbá tipẹ́tipẹ́ kí wọ́n tó gé igbó Alímọ̀ṣọ́ kọ́lé.

Ẹni tó bá fẹ́ máa sin àgùntàn ní Ìpájà, tí kì í ṣe pé ó fẹ́ rà á lónìí kó tà á lọ́la, ìmọ̀ràn méjì tó takora ló máa gbọ́. Àwọn kan á ní kó wá àgbò ńlá Òkè Ọya kó máa gun abo ilé, kí ọmọ lè tóbi. Àwọn mìíràn á ní kó má dán an wò, pé àgùntàn ilẹ̀ wa ló mọ ilẹ̀ wa, kó yan èyí tó dára nínú wọn, kó sì máa ti ibẹ̀ tún un ṣe. Ìhà méjèèjì ní òdodo lọ́wọ́, mi ò sì rò pé ó yẹ ká dá ọ̀kan láre ká tó gbọ́ èkejì tán.

Ẹ̀yà àgùntàn mẹ́rin ni àwọn onímọ̀ ọ̀sìn sábà máa ń kà fún Nàìjíríà. Balami ló tóbi jù. Funfun ni, apá Borno ni ilé rẹ̀, akọ rẹ̀ tó bá jẹun kánú sì lè kọjá kílò 60. Uda ní àwọ̀ méjì, iwájú rẹ̀ dúdú tàbí kó pọ́n, ẹ̀yìn rẹ̀ funfun. Yankasa funfun, àfi dúdú tó yí ojú, etí àti imú rẹ̀ ká. Òun ló wọ́pọ̀ jù lókè, akọ rẹ̀ sì máa ń wà láàárín kílò 35 sí 50. Ẹ̀kẹrin ni tiwa. Ìwé àwọn onímọ̀ ń pè é ní West African Dwarf, àwọn tó ń sọ èdè Faransé ń pè é ní Djallonké, ó sì tàn ká agbègbè òjò ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Akọ rẹ̀ tó dàgbà tán kì í sábà ju kílò 25 sí 35 lọ, ọmọ rẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí sì máa ń wọn nǹkan bíi kílò 1.5 sí 2.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu àwọn tó fẹ́ ara ńlá. Ọjà ni ọ̀rọ̀ wọn ti bẹ̀rẹ̀. Olórí ilé tó fẹ́ pa ẹran Iléyá kò fẹ́ kékeré méjì, àgbò kan tó kárí ará ilé, aládùúgbò àti aláìní ló ń wá. Òótọ́ ni pé ẹ̀sìn kò béèrè títóbi. Ohun tó béèrè ni pé kí ọjọ́ orí ẹran náà pé, kó má fọ́jú, kó má yarọ, kó má ṣàìsàn, kó má sì rù kan egungun. Àgùntàn kékeré tó sanra tó gbogbo èyí. Síbẹ̀, owó tí oníbàárà ń san ń tẹ̀ lé gíga àti ìwo, ẹni tó sì ń sin ẹran fún títà kò lè ṣe bí ẹni pé òun kò rí i. Ní Senegal, ìfẹ́ àgbò ńlá ti gbé ẹ̀yà kan dìde tí wọ́n ń pè ní Ladoum, tí ìlú Thiès fi ń yangàn. Akọ rẹ̀ lè kọjá kílò 100, wọ́n sì ń ta èyí tó lókìkí nínú wọn ní mílíọ̀nù CFA. Àwọn tó ń sìn ín ló yan akọ gíga fún abo gíga, ìran lẹ́yìn ìran, títí ó fi rí bó ṣe rí.

Ohun kejì tí wọ́n dì mú ni ìṣirò. Ká ní àgùntàn ilé ń wọn kílò 20 bó bá pé ọdún kan, ká ní ti Yankasa ń wọn 32. Ọmọ tó bá ti àárín wọn jáde máa wà nítòsí 26, nítorí ìdajì ohun tó jogún wá láti ọ̀dọ̀ bàbá, ìdajì láti ọ̀dọ̀ ìyá. Kílò mẹ́fà nìyẹn ní ìran kan ṣoṣo. Àǹfààní mìíràn tún wà lórí rẹ̀: bí ẹ̀yà méjì tí kò bá ara wọn tan bá pàdé, ọmọ wọn àkọ́kọ́ sábà máa ń lágbára ju bí ìdajì-ìdajì ṣe yẹ kó mú un lágbára lọ. Ó máa ń yè dáadáa, ó sì máa ń yára dàgbà. Ẹni tó bá ti rí irú ọmọ àdàlù bẹ́ẹ̀ rí, tó rí bó ṣe ta yọ láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ṣòro kó gbọ́ ìmọ̀ràn mìíràn lẹ́yìn ìyẹn.

Ẹ̀rí tí mo kà sí èyí tó lágbára jù lọ́wọ́ wọn kò jìnnà sí wa. Ní gúúsù ìlà-oòrùn Togo, nítòsí òkun, àgùntàn kan wà tí wọ́n ń fi orúkọ ìlú Vogan pè. Àdàlù Djallonké àti àgùntàn ńlá Sahel ni. Ó tóbi ju Djallonké lọ, agbègbè òjò ló sì ń gbé, tó ń bímọ, tí ọmọ rẹ̀ náà ń bímọ níbẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún wa pé ẹ̀jẹ̀ Òkè Ọya kò lè dúró ní ilẹ̀ tútù láéláé, Vogan wà níbẹ̀ láti ta kò ó. Wọ́n tún máa ń fi kún un pé Ìpájà òde òní kì í ṣe igbó mọ́. Eṣinṣin tsetse, tó ń gbé àìsàn tí àwọn Háúsá ń pè ní sámọ́rè kiri, òjìji igi àti etí odò ló ń fẹ́. Níbi tí a ti fi kọnkéré bo ilẹ̀ láti ojúlé dé ojúlé, kí ni eṣinṣin náà fẹ́ wá ṣe?

Kí n tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó fẹ́ ti ilé, ó yẹ kí n sọ bí ìwọ̀n ṣe ń ti ara òbí dé ara ọmọ, nítorí ibẹ̀ ni àwọn méjèèjì ti máa ń ṣi ara wọn gbọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ohun kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí ń jẹ́ títóbi, pé bí àgbò bá ti ní in, ọmọ rẹ̀ máa ní in. Nígbà mìíràn, díẹ̀ báyìí, ó máa ń rí bẹ́ẹ̀. Ní 1983, wọ́n rí àgbò Dorset kan ní Oklahoma, ní Amẹ́ríkà, tí ìdí àti itan rẹ̀ kún fún ẹran lọ́nà àrà. Solid Gold ni wọ́n sọ ọ́. Ìyípadà kan ṣoṣo nínú jíìnì ló fà á. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé kì í hàn lára ọmọ àfi tó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ bàbá nìkan ni ọmọ náà ti gbà á; bó bá gbà á lọ́wọ́ bàbá àti ìyá papọ̀, kò ní hàn. Ẹran rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ó le lẹ́nu, àwọn alápatà kò sì fẹ́ ẹ tó bí wọ́n ṣe rò tẹ́lẹ̀. Ní 2006 ẹ̀wẹ̀, àwọn onímọ̀ tú àṣírí àgùntàn Texel ti ilẹ̀ Yúróòpù: ìyípadà kékeré kan ló dín agbára jíìnì tó máa ń sọ fún iṣan pé kó má dàgbà jù kù.

Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n máa ń gbé sínú ìwé ìròyìn. Àgùntàn tó wà lẹ́nu ọ̀nà wa kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ jíìnì, tí agbára ọ̀kọ̀ọ̀kan kò tó nǹkan, oúnjẹ, aràn, ọ̀rinrin àti wàrà ìyá sì tún dá sí i. Nínú ìyàtọ̀ ìwọ̀n tí ojú ń rí láàárín àgùntàn inú agbo kan náà, ìdá mẹ́rin tàbí márùn-ún ni wọ́n máa ń pín in sí, ìdá kan péré ló sì máa ń jẹ́ ti àjogúnbá tòótọ́. Ẹ jẹ́ ká fi ṣe ìṣirò. Ká ní agbo kan ń wọn kílò 20 lọ́dún kan, a sì rí àgbò kan tó wọn 26. Ó fi mẹ́fà ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Bí ìdá kan nínú mẹ́rin bá jẹ́ ti àjogúnbá, kílò kan ààbọ̀ nìyẹn. Ìdajì rẹ̀ ló máa fún ọmọ. Gíráàmù 750 ni èrè wa lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá gbé èyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kílò mẹ́fà tí àgbò Yankasa ṣèlérí á rí ìdí tí ara fi ń yá àwọn èèyàn sí àdàlù. Yíyan láàárín ti ilé kì í yára. Ó gba sùúrù ọdún mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tó bá sì ń ṣèlérí pé ó yára, kò sọ òótọ́.

Ọ̀rọ̀ ilé ọmọ tún wà ńbẹ̀. Ní 1938, Walton àti Hammond ní Cambridge ròyìn bí wọ́n ṣe fi ẹṣin Shire, tó tóbi gan-an, àti Shetland, tó kéré gan-an, ṣe àdàlù ní ọ̀nà méjèèjì. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ jẹ́ Shetland kéré nígbà tí wọ́n bí i, bí bàbá rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ òmìrán. Ìyá kò jẹ́ kó ju ohun tí ara òun lè gbé lọ. Ìdí nìyí tí ìbẹ̀rù pé àgbò ńlá á pa abo kékeré nígbà ìrọbí, bí kò tilẹ̀ ṣe asán, fi ju bí ó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ìbí ni wàhálà sábà máa ń bẹ̀rẹ̀: ọmọ tó jogún ara ńlá ń béèrè wàrà tí ìyá kékeré kò ní.

Ibi tí àwọn tó fara mọ́ àgùntàn ilé ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyí. Wọ́n ní ìwọ̀n àgbò kan kọ́ ni èrè olùsìn, bí kò ṣe ìwọ̀n gbogbo ọmọ tí abo kan bí tó sì yè láàárín ọdún. Abo Djallonké kì í dúró de àkókò kan kó tó gba akọ. Oṣù márùn-ún ló fi ń lóyún, ó sì lè bí lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù mẹ́rìndínlógún tàbí méjìdínlógún. Ìbejì kò ṣọ̀wọ́n lára rẹ̀. Oúnjẹ tó ń jẹ kò tó ti abo ńlá, agbègbè tí owó èérí ti ń ga lójoojúmọ́ sì ni à ń sọ. Lékè gbogbo rẹ̀, ó lè ní kòkòrò sámọ́rè nínú ẹ̀jẹ̀ kó sì máa jẹun lọ, nígbà tí àgùntàn Sahel á rù, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á gbẹ, tó lè kú. Kọnkéré Ìpájà lè ti lé eṣinṣin lọ, ṣùgbọ́n aràn kò lọ. Èyí tó ń mu ẹ̀jẹ̀ nínú ikùn àgùntàn fẹ́ràn koríko tútù àti ooru, láti oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹwàá sì ni ilẹ̀ wa fi ń fún un ní méjèèjì.

Wọ́n ní ẹ̀rí tiwọn náà, láti Kenya. Láti àwọn ọdún 1970 síwájú ni àwọn olùsìn níbẹ̀ ti ń fi àgbò Dorper, ẹ̀yà ńlá tí wọ́n dá sílẹ̀ ní South Africa, gun Red Maasai, àgùntàn ìbílẹ̀ tó kéré. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ILRI, ilé ìwádìí ẹran ọ̀sìn lágbàáyé, fi àwọn méjèèjì wé ara wọn ní etíkun Kenya, níbi tí òjò àti aràn pọ̀ sí, Red Maasai ló pèsè jù. Ọmọ Dorper tó yè tóbi ju tirẹ̀ lọ lóòótọ́, àmọ́ àwọn tó kú nínú wọn pọ̀. Ní ibi tó gbẹ, Dorper ṣe dáadáa. Nígbà tí wọ́n fi máa mọ èyí, Red Maasai tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò dàpọ̀ ti di ohun tí à ń wá kiri. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ìyẹn. Bí a bá fi àdàlù pa ìran àgùntàn ilé run, kò sí ọjà tí a ti lè lọ rà á padà.

Agbára ọmọ àdàlù àkọ́kọ́ pàápàá kì í dúró. Bí a bá fi ọmọ àdàlù gun ọmọ àdàlù, ìdajì agbára àrà yẹn ló máa lọ ní ìran tó tẹ̀ lé e. Olùsìn tó fẹ́ máa rí èrè ìgbà àkọ́kọ́ lọ́dọọdún gbọ́dọ̀ máa ní abo ilé tí kò dàpọ̀ nílẹ̀. Àwọn tó fẹ́ ara ńlá kì í sábà rántí pé àgùntàn kékeré tí wọ́n ń fojú di ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́ wọn.

Ṣùgbọ́n mi ò ní gbè sẹ́yìn àwọn ti ilé láìsọ ẹ̀bi tiwọn. Bí àgùntàn ilé ṣe kéré tó lónìí, àtọwọ́dá wà nínú rẹ̀. Ẹ wo ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nínú agbo kékeré ní Ìpájà, Ìgàǹdò tàbí Ìkòtún. Akọ mẹ́ta ló wà nínú ọmọ ọdún yìí. Èyí tó yára dàgbà jù ni oníbàárà kọ́kọ́ rí; Iléyá tàbí ìkómọ dé, wọ́n tà á kó tó gun abo kankan. Èyí tó tẹ̀ lé e, wọ́n tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá kó lè sanra. Èyí tó kéré jù, tí ẹnikẹ́ni kò béèrè, òun ló kù tó ń gun àwọn abo, ìyá rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀ sì wà lára wọn. Bí èèyàn bá fẹ́ fi ọgbọ́n sọ agbo di kúkurú, ohun tó máa ṣe gan-an nìyí. Bí ìbátan bá sì ń gun ìbátan, ọmọ á kéré nígbà ìbí, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì ní yè. Lẹ́yìn náà la máa wá sọ pé ẹ̀yà wa kò dára. Ẹ̀yà náà kò tíì rí àǹfààní kó fi ohun tó wà nínú rẹ̀ hàn.

Wọ́n ti gbìyànjú ọ̀nà mìíràn ní Côte d'Ivoire. Ní 1983 ni ètò ìjọba kan bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn olùsìn Djallonké ṣiṣẹ́: wọ́n ń wọn ọmọ àgùntàn nínú agbo àwọn olùsìn fúnra wọn, wọ́n ń kó àwọn akọ tó dàgbà jù lọ sí ibùdó kan kí wọ́n lè fi wọ́n wé ara wọn lórí oúnjẹ kan náà, wọ́n sì ń dá èyí tó ta yọ padà sáàárín àwọn olùsìn láti máa gun abo. Ìwọ̀n àgùntàn tó wà nínú ètò náà gòkè láìjẹ́ pé wọ́n mú ẹ̀yà mìíràn wọ̀ ọ́. Ohun tí ètò náà náni kò kéré, owó ìjọba ló sì gbé e ró. Ìdí nìyí tí mo fi rò pé àwọn ti àdàlù ní òótọ́ nígbà tí wọ́n bá ní olùsìn aláìlówó kò lè dá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe.

Níbo ni mo wá dúró sí? Ẹni tó bá ní àyè díẹ̀ tó fẹ́ bọ́ àgbò fún Iléyá, kó ra Yankasa tàbí Uda tó ti já lẹ́nu ọmú tipẹ́, kó fún un ní oògùn aràn, kó bọ́ ọ fún oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kó tà á. Ẹran náà kò ní pẹ́ tó ní ilẹ̀ tútù tí ìyà àjogúnbá á fi jẹ ẹ́, ara ńlá ló sì ń fi owó wọlé. Àríyànjiyàn kò sí níbẹ̀. Ti ẹni tó ní abo márùn-ún tàbí mẹ́wàá tó ń bímọ lọ́dọọdún yàtọ̀. Mo fẹ́ kí èyí tó pọ̀ jù nínú abo rẹ̀ jẹ́ ti ilé, kí bàbá ọmọ wọn náà jẹ́ ti ilé, ṣùgbọ́n kó jẹ́ bàbá tí a yàn. Bó bá fẹ́ fi díẹ̀ nínú àwọn abo rẹ̀ bí ọmọ àdàlù fún ọjà, kó ta gbogbo ọmọ náà, akọ àti abo, kó má fi ọ̀kan sílẹ̀ fún ìbísí. Ẹ̀yà tó wù kó jẹ́, abẹ́rẹ́ PPR, àjàkálẹ̀ àìsàn tó ń pa àgùntàn àti ewúrẹ́, kò ṣe é fò. Àìsàn yẹn kò mọ ẹran ńlá yàtọ̀ sí kékeré. Kòkòrò tí wọ́n fi ṣe abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń lò jù láyé fún un, Nàìjíríà ni wọ́n ti rí i ní 1975, Nigeria 75/1 sì ni orúkọ rẹ̀ títí dòní. Kò yẹ kí àgùntàn Ìpájà wà lára àwọn tí kò rí i gbà.

Bí mo ṣe mọ̀, ibi tí ìmọ̀ràn mi ti ṣòro jù ni títọ́jú àgbò tó dára jù láì tà á. Owó rẹ̀ dùn, owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ kì í sì í dúró. Ọgbọ́n kan wà tí Robert Bakewell lò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan bí 250 ọdún sẹ́yìn: kì í ta àgbò rẹ̀ tó dára jù, yíyá ló máa ń yá wọn fún àwọn olùsìn fún sáà kan, wọ́n á sanwó, wọ́n á dá a padà, òun á sì ti rí irú ọmọ tí àgbò náà ń bí. Àgùntàn rẹ̀ sanra jù nígbẹ̀yìn, abo rẹ̀ kò sì bímọ tó, nítorí náà kì í ṣe gbogbo ìṣe rẹ̀ la máa wò kọ́ṣe. Àmọ́ àwa náà mọ àgbàsìn; ó ti pẹ́ tí Yorùbá ti ń gbé abo ẹran fún ẹlòmíràn sìn kí wọ́n jọ pín ọmọ. Aládùúgbò mẹ́rin tàbí márùn-ún lè fi irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ní àgbò kan papọ̀. Kí wọ́n ra òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń gbé àpò kọ́, kí wọ́n máa wọn ọmọ ní oṣù mẹ́ta, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì rántí pé ìbejì kì í wọn tó ọmọ kan, kí wọ́n má bàa dá a lẹ́bi lásán. Akọ tó bá ta yọ lọ́dún yẹn, kí wọ́n san owó ọjà rẹ̀ fún ẹni tó ni ín láti inú àpò gbogbo wọn, kí àgbò náà lè wà láàyè lẹ́yìn Iléyá. Kí àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ tó tó gùn, kí wọ́n fi àgbò náà ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ mìíràn ní Ayọ̀bọ̀ tàbí Ẹgbẹ́dá.